Àyà Péjú, Orúkọ Kùdírátù

“Kùdírátù!”

Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí tó ń yàwòrán ẹ́síréè ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè bẹ́ẹ̀. Péjú ló jẹ́ “Sà!” gbangba, tó dìde, tó sì wọlé. Kùdírátù gan-an jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó dijú, ó ń ṣàdúrà wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ má tíì pè é lọ́mọ burúkú o. Ẹ̀rù ló ba ọmọ náà. Ó ti yege ìdánwò ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, ó ku kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ kan ló ya àwòrán àyà Kùdírátù nílé ìwòsàn yìí kan náà. Nígbà tó wá gbọ́ èsì, wọ́n ní àwọn rí òjìji kan lókè ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó lè jẹ́ ikọ́ ife, kó wá ya òmíràn. Ikọ́ ife kẹ̀! Kùdírátù rántí bí wọ́n ṣe ya ife àti abọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ sọ́tọ̀ ní agbo-ilé wọn n'Ítòkú. Bí wọ́n bá lé òun náà ńkọ́? Bí ilé-ìwé bá ní àwọn ò gba òun mọ́ ńkọ́? Kò lè sọ fún ìyá rẹ̀. Péjú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Igbein tí wọ́n jọ jáde ìwé mẹ́wàá, ló sọ fún.

“Ìyẹn lò ń sunkún sí?” ni Péjú wí. “Èmi tí n kì í húkọ́, èmi ni n óò bá ọ lọ dúró níbẹ̀. Àyà ni wọ́n ń yà, wọn kì í ya ojú.”

Kùdírátù mọ̀ pé kò dáa. Ó mọ̀, ó sì gbà.

Nígbà tí wọ́n fọ àwòrán tán, Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí tún pe Péjú wọlé. Kùdírátù rọra sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó rí àwòrán méjì tí wọ́n fi kọ́ sára pátákó tí iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀.

“Eegun tó wà lábẹ́ ọrùn rẹ yìí, ìgbà wo ló dá?”

“Àná ni, sà,” ni Péjú dáhùn. “Mo ṣubú.”

“Àná! Kó dá lánàá, kó sì ti jinná lónìí? Wo tọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gún régé. Wo tòní, ó ti dá, ó ti so pọ̀, ó sì ti wọ́.”

“Bóyá ẹ̀rọ yín ló tẹ̀ ẹ́, sà.”

Orí igi máńgòrò ni Péjú ti já bọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí eegun náà fi dá. Òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Kùdírátù ì bá yọ́ lọ, kò sẹ́ni tó rí i. Àmọ́ Péjú ni wọn ì bá fìyà jẹ. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ gbì.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni Kùdírátù. Ẹ má bínú sí Péjú. Ẹ̀rù ikọ́ ife ló bà mí.”

Inú bí ọkùnrin náà gan-an. “Mo wá tan iná ẹ́síréè sára ọmọ tí kò nílò rẹ̀! Ṣé eré nìyẹn? Ìwọ náà, ikọ́ ife lóògùn, àmọ́ ta ló máa fún ọ lóògùn nígbà tó o gbé àyà Péjú wá? Wàá kàn máa hú u sójú àwọn aláìsàn. Lọ pe ìyá rẹ wá!”

Ìyá rẹ̀ dé láti ìdí ìkòkò aró, apá rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó patẹ́wọ́. “Kùdí, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ikọ́, ṣé màá gbé ọ jù síta ni?” Ẹkún tí Kùdírátù ti ń pa mọ́ látọ̀sẹ̀ yẹn bá tú jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí wo àwòrán àkọ́kọ́, ó wo orí ọmọ náà. Òwú dúdú ni wọ́n fi kó irun rẹ̀, ó nípọn, ó sì wọ́ dé èjìká.

“Màmá, ìgbà wo lẹ kó irun yìí?”

“Ọjọ́ tó gbọ́ pé òun yege ni, kó tó wá síbí rárá.”

“Kò sì sẹ́ni tó ní kó ká a sókè. Òjìji irun yìí la rí. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn.”

Ìyá rẹ̀ fi gèlè di irun náà sókè, wọ́n tún àwòrán yà. Òjìji ti pòórá. Àyà Kùdírátù mọ́ tónítóní. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí ò kàn fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Kùdírátù àti Péjú máa wá bá àwọn tó fẹ́ ya ẹ́síréè ká irun sókè títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Wọ́n wá lóòótọ́. Kùdírátù tiẹ̀ ń gbádùn iṣẹ́ náà nígbà tó yá. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rù ń bà jókòó síwájú rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ̀rù ò bà yín rí ni?”

“Ó bà mí débi pé mo rán àyà ẹlòmíì wá.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Kùdírátù dì í nírun dáadáa.

“Àyà tìẹ ni kó o gbé wọlé,” ló wí. “Bí àìsàn bá wà níbẹ̀, ìwọ náà ni wọ́n máa rí wò sàn.”