Ìpele Tí Ó Wà Lábẹ́ Òjò Dídì

Akínbíyìí mọ àdúrà í gbà, kò mọ Ọlọ́run. Ọ̀gá ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Finglas, ní ìlú òyìnbó, díkínì ni ní ìjọ rẹ̀ ní Tyrrelstown. Irọ́ ni ó fi dé ipò ọ̀gá náà. Ó sọ fún àwọn aláṣẹ pé Ezekiel, ẹni tí ipò náà tọ́ sí, ń jí ẹrù. Wọ́n lé Ezekiel. Akínbíyìí ṣe ìdúpẹ́ fún ìgbéga.

Ní ọdún kẹta, ní oṣù Èrèlé, òun àti Fèyíjìmí, tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, lọ gun òkè ní ilẹ̀ Austria. Òjò dídì ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìkìlọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà wí pé ewu kí òjò dídì ya wálẹ̀ láti orí òkè dé ipò kẹta nínú márùn-ún.

Kí wọ́n tó wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, Fèyíjìmí wa kòtò láti dán òjò dídì ibẹ̀ wò. Ó gé òjò dídì náà bí òpó, ó gbé ṣọ́bìrì lé e, ó ń fi ọwọ́ gbá a. Ní ìgbà kẹta, apá òkè yọ̀ kúrò lódindi. Èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tú bí ṣúgà.

"Bọ̀dá Akin, ẹ wò ó. Tuntun kò lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká padà."

"Ṣé o fẹ́ fi ṣọ́bìrì wa òkè yìí tán ni? Ojú ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá nìyẹn. Grand ni, kò séwu."

"Wọ́n kọjá kí òjò dídì tó rọ̀ tó báyìí, sà."

"Má fi ẹnu rẹ pe ibi sí mi lórí! Kì í ṣe ìpín mi. Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù."

"Orúkọ Jésù kì í ṣe oògùn, sà. Bí ẹ ṣe fi ìdúpẹ́ bo ọ̀rọ̀ Ezekiel náà nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀."

"Ta ló fi ọ́ jẹ pásítọ̀?"

Akínbíyìí nìkan wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ilẹ̀ dún gbì. Òjò dídì là lókè orí rẹ̀, ó sì gbé e lọ.

Nígbà tí òjò dídì náà dúró, Akínbíyìí wà lábẹ́ rẹ̀, kò lè mi ìka kan. Ó fẹ́ wí pé òun kọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ti kún fún òjò dídì. Níbẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé òun ti ń pàṣẹ fún Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí, òun kò gbọ́ràn sí i rí. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé: "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo ba ayé Ezekiel jẹ́. Bí mo bá kú, o jàre. Ṣàánú mi nítorí Jésù."

Fèyíjìmí fi ẹ̀rọ tí àwọn méjèèjì so mọ́ àyà, èyí tí ń fi ibi tí ẹni tí òjò dídì bò wà hàn, wá a rí, ó sì wa á jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Akínbíyìí dúró ní ẹnu ọ̀nà Ezekiel ní Balbriggan, ó jẹ́wọ́.

"O ti sọ tán?" ni Ezekiel wí. "Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ olè." Ó ti ilẹ̀kùn.

Akínbíyìí lọ sọ òtítọ́ fún àwọn aláṣẹ. Wọ́n lé e. Kò ní ipò mọ́. Ó ní Olùgbàlà.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, má sọ pé ọmọ ìjọ ni ọ́. Ẹni tí o ṣẹ̀ mọ ohun tí o ṣe. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ìwọ nìkan ni ó kù tí kò fẹ́ gbọ́. Kò sí ẹni tí ó ṣèlérí pé a ó wa ìwọ jáde. Ọ̀pọ̀ ni a kò wa jáde. Kristi kú fún òpùrọ́, ṣùgbọ́n kò bá òpùrọ́ parọ́. Dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un bí ó ti rí gan-an, lónìí, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.