Káàdì Ara Ògiri

Àkànkẹ́ dúró síwájú ògiri pálọ̀, ó ń wo káàdì tó fi sínú férémù, orí rẹ̀ sì dàrú. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni maṣíìnì ìránṣọ tí ìyá rẹ̀, Àmínátù, ṣẹ̀ṣẹ̀ lò fún ọ̀sẹ̀ méje dẹnu kọlẹ̀. Ogun abẹ́lé ti parí ní Pọ́táàkọ̀, ilé-ìwé fẹ́ wọlé, yúnífọ́ọ̀mù ogójì ọmọ sì wà nílẹ̀ láìrán.

Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Bónì, ló fa ìwé maṣíìnì náà lé e lọ́wọ́. Méjì ni. Àkọ́kọ́ ni káàdì gáráńtì, ìlérí àtúnṣe ọ̀fẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tó ń dán yinrin. Àkànkẹ́ ò fẹ́ fi báírò bà á jẹ́, ló bá gbé e kọ́. Èkejì ni rìsíìtì rádaràda tí Dagogo tó ta maṣíìnì náà kọ wọ́rántì oṣù mẹ́fà, ìlérí àtúnṣe tirẹ̀, sí. Ó rò pé ìlérí kan náà ni méjèèjì, ó sì fi rìsíìtì náà dáná.

Ló bá gbé férémù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dagogo. Dagogo ti gbé Èkó rí, ó gbọ́ Yorùbá.

“My pikin, ilé iṣẹ́ ló ni káàdì yìí. Wọ́n ní kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láàárín oṣù kan. Oṣù ti kọjá. Ìlérí tèmi tí mo fi ta ọjà wà nínú rìsíìtì. Rìsíìtì dà?”

Àkànkẹ́ parọ́ pé ó wà nílé.

Níta, Boma ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dúró dè é gbọ́ ọ̀rọ̀ rìsíìtì náà, ó ní, “No wahala. Make I write another one. Who go know?” Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́. Àkànkẹ́ mú un dání, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Àánú ìyá rẹ̀ ń ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà á. Nígbà tó padà dé iwájú Dagogo, ó rún ìwé tí Boma kọ mọ́ ọwọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti fi rìsíìtì yẹn dáná.”

 Dagogo fa ìwé rìsíìtì rẹ̀ yọ, ó ṣí ojú ewé kan. Ẹ̀dà ohun tó kọ wà níbẹ̀, bébà kábọ̀nù tó fi sábẹ́ rẹ̀ ti gbé e.

“Ká ní o mú ayédèrú wá ni, ǹ bá ti lé ẹ jáde.”

Wọ́n tún maṣíìnì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n gáráńtì ọdún méjì ti ilé iṣẹ́ ti lọ pátápátá. Àkànkẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ojú sì tì í. Ó ti wá mọ̀ pé ìlérí ẹni tó ṣe ọjà yàtọ̀ sí ti ẹni tó tà á, kálukú ló sì ní ìlànà tirẹ̀ tó yẹ kéèyàn kà. Ohun tó kù fún wọn nínú wọ́rántì Dagogo kò ju bí oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ, òótọ́ tó sọ ló sì fi rí i gbà.