Ẹ̀ṣọ́ Tó Mọ Ojú Kòkòrò

"Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ bá mi yẹ wàrà yìí wò kí n tó tà á."

Ẹnu ọ̀nà láàbù ni ọmọkùnrin oníwàrà kan dúró sí, ó gbá ìgò mọ́ra bí ìkókó.

"Èmi kì í ṣe dókítà," ni ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáhùn. "Kòkòrò àìsàn ni mo ń wò."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n di kòkòrò, kí ẹ lè máa wò mí."

Ẹ̀rín pa á. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Lọ́jọ́ tí oníwàrà wá kí àwọn òbí ọmọbìnrin náà, wàrà tútù ló gbé dání. Bàbá nìkan ló mu ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú ti ń lọ́ bàbá, ó di ọsibítù. Kòkòrò kan náà ni wọ́n rí lára bàbá àti nínú wàrà tó ṣẹ́kù. Ọmọbìnrin náà ò dúró ṣe àyẹ̀wò kejì tó fi sọ ọ́ nílé.

"Háà!" màmá ké. "Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ mi tún fẹ́ gba ọkọ mi mọ́ ọn! Kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́!"

Oníwàrà ò jiyàn. "Olólùfẹ́ mi, bó bá jẹ́ wàrà mi ni, èmi gan-an ò ní dárí ji ara mi." Ó ti ṣọ́ọ̀bù wàrà rẹ̀ pa.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún ọmọbìnrin náà lọ́kàn. Ó bu omi táǹkì ilé wọn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò àyẹ̀wò ti bàbá àti ti wàrà, ó kọ nọ́ńbà lásán, láìsí orúkọ, sí wọn lára, ó kó wọn fún ọ̀gá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìfẹ́ ló fọ́ òun lójú.

Nígbà tí èsì dé, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, níbi tí màmá jókòó sí, ló gbà lọ.

"Màmá, ta ni kì í ṣi èmi àti ìkejì mi tí a jọ jẹ́ ìbejì mú?"

"Èmi tí mo bí yín ni!"

"Bí ìbejì ni kòkòrò méjèèjì ṣe jọra. Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń bá àìsàn jà. Ní láàbù, a máa ń ṣe irú wọn tó jẹ́ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, òun nìkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́ kòkòrò bàbá ò wo ti wàrà lójú rárá. Ti omi táǹkì ló lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yà ti inú wàrà kì í pani lára."

Màmá yíjú padà. "Bàbá Ìbejì! Ẹ tún mu omi yẹn láìsè!"

Bàbá rọra fa aṣọ bojú.

Lọ́jọ́ kejì, màmá fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ rẹ̀ dání lọ kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. "Ṣílẹ̀kùn. Bu ife kan fún mi."

Oníwàrà bu wàrà fún un. Màmá mu ún dé ìsàlẹ̀, ó nu ẹnu, ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ti oníwàrà.

"Ọkọ ọmọ mi, mo ṣì ọ́ mú. Mo ti wá mọ ojú rẹ báyìí."