Ẹ̀fẹ̀ Kiwelu

Ẹyin ni Kiwelu kọ́kọ́ rí, ẹyin díndín tí omijé ń kán sí. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọge tó ni omijé náà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, síbẹ̀ ó lẹ́wà débi pé Kiwelu gbàgbé oúnjẹ tó wá rà lẹ́nu géètì yunifásítì ní Morogoro.

"Arábìnrin, iyọ̀ ti fẹ́ pọ̀ jù nínú ẹyin yẹn o. Ta ló kú?"

"Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni," Nakiete dáhùn. "Ọ̀gá mi tún dá a padà. Bó bá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ mi á gboyè, èmi á jókòó."

"Kí lo kọ lé lórí?"

"Utani. Ti àwa Pare àtàwọn Chaga."

Nílẹ̀ wa, ẹ̀yà méjì tó bá wà nínú utani lè bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú. Inú Kiwelu, ọmọ Chaga, dùn dé gongo ẹ̀mí.

"Pare! Ẹ̀yin tí ẹ ń ta màlúù láti pẹjọ́ nítorí òròmọdìẹ! Lọ pe ọ̀gá ẹ lẹ́jọ́!"

Nakiete nu ojú. "Chaga lèyí! Tẹ́ ẹ bá dákú, ẹyọ owó kan la máa jù sílẹ̀, ẹ ó jí!"

Kiwelu gba iṣẹ́ náà, ó kà á, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ìwé ẹ̀fẹ̀ rèé, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Èébú tí àwọn ìyá yín ń bú wa dà?"

"Mo yọ ọ́ ni, ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má pè mí ní ará oko."

Wọ́n jọ wá àwọn àgbà ẹ̀yà méjèèjì láàárín ìlú. Àwọn àgbà bú ara wọn, Nakiete ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá rẹ̀ ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i.

Kiwelu ń dúró níta. "Nakiete, jẹ́ kí n fẹ́ ọ."

Nakiete rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Ta ní ń gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́fẹ̀ gbọ́? Ó wá rí i pé Kiwelu ò bú Pare lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Wọ́n ti ń pọn ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé wa. Àwọn àgbà wa ló máa gbé e lọ tọrọ ọ lọ́wọ́ bàbá ẹ. Ta ló ń fi ìyẹn ṣàwàdà?"

"O ti ní kí wọ́n pọn ọtí kó o tó bi mí? Ìwọ ọ̀dájú yìí!"

Nakiete di ọwọ́ Kiwelu mú.

"Sọ fún wọn kí wọ́n tètè gbéra, kí ọtí náà tó kan."