Wọ́n Ní Kí N Má Sọ̀rọ̀

Kí Nọ́ọ̀sì Kògbagbẹ̀rẹ́ tó lanu béèrè, ìyá àgbà tó dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì ti dáhùn.

"Kò lóyún. Oyún wo ló fẹ́ ní?"

Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ènìyàn ń làágùn, àfi ìyá yìí tó fi aṣọ funfun bora dé ọrùn. Nọ́ọ̀sì ò kà á sí. Kì í gba gbẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àní ọ̀gá rẹ̀ pàápàá ń yẹra fún un. Ọmọbìnrin orí bẹ́ẹ̀dì ló ká a lára. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ ìdí rẹ̀ gbingbin, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun báláú, ọkàn rẹ̀ ń sáré. Nọ́ọ̀sì ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò: lóòótọ́, kò sí oyún. Ó fa omi sí i ní apá méjèèjì, ó ránṣẹ́ sí dókítà pé kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wá kíákíá, ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ kú.

"Ìgbà wo ló ti ń dà?"

Ọmọ náà rọra fèsì. "Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀."

"Àwọn wèrè wo nìyẹn?"

"Ẹnì kan ni, mà. Ìyá ọkọ mi." Ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Háà! Àṣé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún un.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan ṣoṣo kan ikùn ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ sì tú yàà.

"Mi ò ní dá lọ," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnì kan á sìn mí."

Orí Nọ́ọ̀sì gbóná. "Ẹ bọ́ síta, mà! Àgbà yín ò ràn níbí!"

"Ta ló máa wá sìn mí?"

"Èmi ni! Ẹ ṣáà máa lọ, mò ń bọ̀!"

Bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn, nígbà tí a ò ní ibì kankan tí à ń lọ.

Ìyá náà wò ó títí. "O ṣeun, ọmọ mi. Màá dúró dè ọ́."

Bó ṣe jáde báyìí, ẹ̀jẹ̀ dá. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Inú Nọ́ọ̀sì dùn débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí dókítà àti ọkọ aláìsàn sáré wọlé, ọkọ ló kọ́kọ́ dojú kọ.

"Ẹ kìlọ̀ fún ìyá yín! Wọn ò gbọdọ̀ padà wọ ibí mọ́!"

Ẹnu ya ọkùnrin náà. "Màámi? Àná la sin wọ́n."

Nọ́ọ̀sì bojú wolẹ̀. Nǹkan kan ń ṣàn wálẹ̀ ní itan rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ gan-an tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnì kan ń pè é jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé o ń bọ̀?"