Ó Di Sátidé

Kò sẹ́ni tí kò mọ Olúwafẹ́mi ní Ìdúmàgbò. Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ tó kọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í jí padà, kó tó di pé paraga gba ọwọ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀hún kì í dúró jẹ́ẹ́ àfi bó bá ti mu ife méjì láàárọ̀. Ó ní òun lè jáwọ́ nígbàkigbà tó bá wu òun. Irọ́ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi pa irọ́ yẹn.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ, Àsíátù ìyá rẹ̀ ń kírun, bí ilé púpọ̀ ṣe rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ri Fẹ́mi bọmi ní kékeré, ṣùgbọ́n Kírísítẹ́nì orúkọ lásán ni. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá yìí ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fẹ́mi, ìwọ nìkan ni mo bí lọ́kùnrin. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ọwọ́ ẹ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ lé mi. Jọ̀ọ́, má mutí lọ́jọ́ náà."

"Mo ti gbọ́, màmá." Á sọ bẹ́ẹ̀ tán, á tún kọrí sí ibi paraga.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní aago méje àárọ̀, Ganiat ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù. "Fẹ́mi, màmá ti lọ. Máa bọ̀ nílé kíákíá."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ní kí òun kọ́kọ́ fi ife kan gbé ara ró. Wọ́n bi í níbi paraga pé ìgbà wo ni ìsìnkú. Ó rántí bí wọ́n ṣe sin bàbá rẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní mọ́ṣúárì, àìsùn lọ́jọ́ Jímọ̀, ìsìnkú lọ́jọ́ kejì.

"Ó di Sátidé," ó ní. Ó sì gba ife kejì.

Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó! Ta ni kò mọ̀ pé òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀? Ọtí ló mú un gbàgbé.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn kan gbé òkú kọjá níwájú ibi tó jókòó sí. Wọ́n ń yára, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. Fẹ́mi gbé ife sókè díẹ̀. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere," ó ní, ó sì dà á sọ́nà ọ̀fun.

Nígbà tó délé ní aago mẹ́rin, wọ́n ti fọ ẹní ìyá rẹ̀, wọ́n ti sá a sórí okùn.

"Sìstá mi, màmá dà?"

"A ti sin wọ́n."

"Ẹ ò dúró dè mí?"

"A pè ẹ́ títí, o ò gbé e. Haleem tó háyà yàrá ẹ̀yìn ló bu iyẹ̀pẹ̀ tó yẹ kó o bù. Jáde, ẹnu ẹ ń rùn."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ìtẹ́ òkú. Sàárè tuntun márùn-ún ló bá níbẹ̀, kò sí àkọlé lórí ìkankan. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, kò mọ èyí tí ì bá dà á lé. Ibẹ̀ ni Dáfídì wá a kàn. Wọ́n ti jọ mutí rí, kí Jésù tó gba Dáfídì sílẹ̀.

"Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n," Fẹ́mi ní, "mi ò mọ ibi tí wọ́n wà."

"Èyí tó o fẹ́ bẹ màmá ti pẹ́ jù, mi ò ní tàn ẹ́," Dáfídì dá a lóhùn. "Èyí tó o máa bẹ Jésù ni kò tíì pẹ́ jù. Ó mọ gbogbo ohun tó o ṣe, ó ṣì ń pè ẹ́."

Fẹ́mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ yẹn lọ́wọ́. "Jésù, mo ti bàjẹ́. Mi ò lè gba ara mi. Gbà mí."

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé ó rọrùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbọ̀n, tó ń bì, títí Dáfídì fi gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ó tún mutí, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jẹ́wọ́ fún Dáfídì. Ọ̀nà jíjìn ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́, kó má baà kọjá níbi paraga. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ náà padà sídìí iṣẹ́.

Oṣù mẹ́jọ kọjá kó tó lọ bá Ganiat. Ó lè fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kò fi pa mọ́.

"Sìstá mi, nígbà tí ẹ gbé wọn kọjá níwájú ibi paraga, mo wà níbẹ̀. Mo rí yín, mi ò mọ̀ pé màmá ni. Ife wà lọ́wọ́ mi."

Ganiat sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde, jẹ́ n fi ibẹ̀ hàn ẹ́."

Sàárè náà ti rì mọ́lẹ̀, koríko ti hù lórí rẹ̀. Fẹ́mi bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan, ó dà á lé koríko. Ọlọ́run ti dárí jì í, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò rí ọjọ́ tó jáwọ́ nínú ọtí, kò sì ní rí i mọ́ láyé.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, kí ni tìrẹ? Ọtí ni àbí tẹ́tẹ́? Àbí oògùn tí o ń gbé mì ní kọ̀rọ̀? Ìwọ náà ń sọ pé ó ku ẹyọ kan, pé ó di ọ̀la, pé ó di ọdún tuntun. Ta ló fi dá ọ lójú pé kì í ṣe ìwọ ni wọn yóò gbé kọjá lọ́sàn-án òní? Gbé ife yẹn sílẹ̀. Níbi tí o wà yìí gan-an, sọ fún Jésù pé kó gbà ọ́. Ó ń dúró dè ọ́. Má sọ fún un pé ó di Sátidé.