Ẹ̀kọ́ Tó Gbé Jórinjórin Lọ

"Ẹ̀yin Jórinjórin, kí lẹ ń sọ nínú ìpínrọ̀ yìí gan-an?"

Ohun tí Tíṣà kọ́kọ́ bá ọkùnrin náà sọ nìyẹn, lọ́sẹ̀ tó wọ kíláàsì àwọn àgbà tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ rẹ̀ ṣì ń rùn èéfín irin.

"Ọmọ mi ni mo ń sọ, mà."

"Irin ni mo rí. Òjò náà wà níbẹ̀. Ọmọ yín dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mà. Àyà mi ló ń já láti tètè dárúkọ rẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò lè rẹ́rìn-ín.

Òkè òkun níbi tí ìyàwó Jórinjórin ti ń ṣiṣẹ́ ló kú sí. Àwọn àjèjì ló ń tọ́jú ọmọbìnrin wọn. Ìjọba ibẹ̀ ní àfi kí bàbá yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kó tó lè wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Ìpínrọ̀ kíkọ ló sì ń gbé e ṣubú.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró lẹ́yìn kíláàsì.

"Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Kí àwọn yòókù gbè é lẹ́yìn. Èyí tí ò bá gbè é, ẹ lé e jáde."

"Kódà tó bá dùn?"

"Kódà tó bá dùn bí oyin."

Kò pẹ́ tí "mà" fi di "olólùfẹ́ mi". Ibẹ̀ ni wàhálà wà: bí Tíṣà ṣe ń kọ́ ọ dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ló ń lé e lọ tó. Òun ò sì lè bá a lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀, òun nìkan lọmọ.

"Bá a lọ, ọmọ mi," bàbá ní. "Má wojú mi."

Àbúrò bàbá lóbìnrin fà á síta. "Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń fẹnu sọ ọ́ ni. Ẹ̀yìn ń dun èmi, mi ò lè gbé e. Ta ló kù?"



Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, Jórinjórin tún kó ọ̀rọ̀ pọ̀ rúurùu sínú ìpínrọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó ti dáa báyìí?"

Tí òun bá ní ó dáa, ọkùnrin náà á fìdí rẹmi, á dúró. Omi lé róró lójú Tíṣà.

"Kò dáa. Tún un kọ."

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Ṣáà tún un kọ, ìfẹ́ mi."

Ó yege.

Ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó di ọwọ́ Tíṣà mú. "Ní kí n má lọ. Sọ ọ́, màá dúró."

Tíṣà fẹ́ sọ ọ́, ó rántí ọmọ yẹn. Awakọ̀ ń tẹ fèrè, èrò ń pariwo. Jórinjórin ò wọlé. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló tì í wọnú ọkọ̀, ló pa ilẹ̀kùn dé.

Ọkọ̀ lọ. Òmíràn wọ́ síwájú.

"Àǹtí, ṣé ẹ ń lọ?" awakọ̀ rẹ̀ bèèrè.

"Rárá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀bá nígbà náà."

Ó fẹ́ yẹ̀bá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀.